Bí Ògiri Ò Bá Lanu: Àgbéyẹ̀wò Ìdáàbòbò Ẹ̀rọ Àrokò Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Gba Ẹ̀bùrú

Nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, àwọn tó ń lo mítà alásansílẹ̀ ní Kabba ní láti tẹ ohun kan tí wọn kò tẹ̀ rí sínú mítà wọn. Kí wọ́n tó tẹ token iná tí wọ́n fowó rà, wọ́n kọ́kọ́ ní láti tẹ nọ́ńbà méjì mìíràn, díjítì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. AEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún Abùjá, Kogi, Niger àti Nasarawa, kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ bí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ní Nàìjíríà ṣe kìlọ̀: mítà tí kò bá gba nọ́ńbà méjèèjì kí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá tó kọjá kò ní gba token mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Ìlànà tí àwọn mítà wọ̀nyí ń tẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní STS, ń ka àkókò nígbà náà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, ọjọ́ tí à ń wí yìí gan-an ló sì kún. Kí kíkà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé token àtijọ́ tún jí dìde, kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú mítà gbọ́dọ̀ yí padà. Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ló gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun wọlé.

Àpótí kékeré tó wà lára ògiri tàbí lórí òpó iná wa ní àṣírí nínú. Token tí à ń rà lọ́wọ́ oní-POS jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi àrokò dì, mítà tí wọ́n dì í fún nìkan ló sì yẹ kó lè tú u. Irú iṣẹ́ kan náà ni chip inú káàdì ATM ń ṣe, òun náà ni síìmù inú fóònù ń ṣe. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà ńlá inú báńkì ni pé ọwọ́ ẹni tó lè fẹ́ yan ilé-iṣẹ́ jẹ ni wọ́n ń gbé. Ó lè tú u palẹ̀, ó lè wọn iná rẹ̀, ó lè dà á láàmú lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́, láìsí ẹni tó máa rí i.

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé nìyí: bí ìṣirò àrokò bá tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tú u, ṣé ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò náà lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́? Ìdáhùn tí ìwádìí fún wa láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni pé kò lè pa á mọ́ tán. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí ohun tó ń jò jáde kéré, kí ó dàrú, kí ó má sì ṣe olè ní àǹfààní. Ìyẹn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó ni, ìmọ̀ ni, ó sì ń béèrè kí ẹni tó ń ra ẹ̀rọ mọ ohun tó yẹ kó bi ẹni tó ń tà á.

Ibi tí àṣírí ń gbà jáde

Chip ní ara, bó ti wù kí ìṣirò inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Àìmọye nǹkan tíntìntín ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí láti 0 sí 1 àti láti 1 sí 0, èyí tó bá sì yí á fa iná díẹ̀. Nítorí náà, iye iná tí chip ń fà lójú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sinmi lórí nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí iná ṣe ń sáré nínú wáyà, ó ń tú ìgbì sí afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ kan máa ń pẹ́ ju èkejì lọ. Àwọn ẹ̀yà kan lórí pátákó ẹ̀rọ a tilẹ̀ máa dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí lásán lè má gbọ́ ọ. Àkókò, iná, ìgbì àti ìró: ọ̀nà ẹ̀bùrú tó gbajúmọ̀ jù nìyẹn. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò bá ìṣirò àrokò jà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo AES, àrokò tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé lónìí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó kúrú jù jẹ́ bíìtì 128. Ẹni tó bá ní òun á dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe wò níkọ̀ọ̀kan á kú, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ á kú, iṣẹ́ náà kò ní parí. Ṣùgbọ́n chip kékeré kì í gbé odindi kọ́kọ́rọ́ mì lẹ́ẹ̀kan. Báìtì-báìtì ló ń mú un, báìtì 16 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wọn iná lè dojú kọ báìtì kan ṣoṣo, ohun tí báìtì kan sì lè jẹ́ kò ju 256 lọ. Á dá àbá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ṣírò iye iná tó yẹ kí chip fà bí àbá náà bá jẹ́ òótọ́, á wá fi wé ohun tó wọ̀n. Èyí tó bá iná mu jù ni báìtì tó ń wá. Ìgbà 16 ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, àbá 4,096 péré ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìran mélòó kan kò lè parí di iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Bí ìmọ̀ náà ṣe dàgbà

Ẹnu iṣẹ́ ológun ni wọ́n ti kọ́kọ́ já a. Ní ọdún 1943, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ń dán ẹ̀rọ àrokò ológun kan wò nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ìwọ̀n iná tó wà níbòmíràn nínú yàrá iṣẹ́ wọn ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ológun kò gbà wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá gbé ohun èlò wọn sínú ilé kan tó kọjú sí ibi iṣẹ́ àrokò ológun ní New York, tó jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80. Wọ́n gba ìgbì sílẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n sì ka nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ tó kọjá. Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ MI5 gbé ohun ìgbóhùn pamọ́ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Íjíbítì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń fetí sí ìró àgbá ẹ̀rọ àrokò tí wọ́n ń tún tò láràárọ̀. Peter Wright, tó bá wọn ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1987.

Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tó di ìmọ̀ tí gbogbo ayé lè kà. Paul Kocher fi hàn lọ́dún náà pé bí a bá wọn àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe ìṣirò àrokò RSA dáadáa, a lè mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1999, òun pẹ̀lú Joshua Jaffe àti Benjamin Jun gbé ọ̀nà tó tún lágbára ju ìyẹn lọ jáde: kí a gba àkọsílẹ̀ iná chip nígbà púpọ̀, kí a sì fi ìṣirò yọ àṣírí kúrò láàárín ariwo. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ariwo kò ní ẹ̀gbẹ́ tó ń gbè lẹ́yìn, àṣírí sì ní. Bí àkọsílẹ̀ bá ti pọ̀ tó, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, àṣírí á yọ síta. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó ń ṣe káàdì báńkì tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fẹ ọ̀nà náà lójú: ní ọdún 2001 wọ́n fi ìgbì tó ń jáde lára chip ṣe iṣẹ́ kan náà, nígbà tó sì di ọdún 2013, Daniel Genkin, Adi Shamir àti Eran Tromer fi ìró tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà alágbèéká yọ kọ́kọ́rọ́ RSA oníbíìtì 4,096.

Àwọn ẹ̀rọ tó ti ṣubú

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí nìkan. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ti ṣubú, ẹ̀kọ́ inú ìṣubú wọn sì yàtọ̀ síra.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ àjọlò. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí láti Bochum ní Jámánì wọn iná tí ẹ̀rọ KeeLoq ń fà, èyí tí wọ́n ń lò nínú rìmóòtù ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti ti géréèjì. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ rìmóòtù kan nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ àgbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá ní i kò nílò ju kí ó gba ọ̀rọ̀ méjì láti inú afẹ́fẹ́ kí ó tó ṣe ẹ̀dà rìmóòtù ẹlòmíràn. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ sí gílóòbù Philips Hue: kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń dáàbò bo àtúnṣe sọ́fítíwíà gbogbo gílóòbù irú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó tú ọ̀kan ti tú gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti síìmù. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí IBM fi hàn pé ẹni tó bá ń wo ohun tó ń jò lára síìmù ayé àtijọ́ lè rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè 8 péré. Àwọn ènìyàn rò pé síìmù 3G àti 4G ti bọ́ nínú ewu, nítorí àrokò tuntun tó dá lórí AES ni wọ́n ń lò. Ní ọdún 2015, Yu Yu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Shanghai fi ẹ̀rọ tí kò wọ́n ṣe ẹ̀dà irú síìmù bẹ́ẹ̀ nípa wíwọn iná. Ìṣirò AES kò bàjẹ́ rárá; ara chip ló tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ yìí kan wa gbọ̀ngbọ̀n, torí láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, nọ́ńbà fóònù kan náà ni báńkì sì ń fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí kí owó tó jáde.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló dùn mí jù, nítorí ó kan ìwé ẹ̀rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Thomas Roche ti ilé-iṣẹ́ NinjaLab ní Faransé fi hàn pé chip Infineon tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ ààbò YubiKey 5 ń tú ìgbì tó ń sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò kan ṣoṣo kò gba àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni ògiri ti lanu. Àléébù náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún 14, ó sì ti gba abẹ́ nǹkan bí 80 àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ìpele tó ga jù kọjá láìsí ẹni tó rí i. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ pé kí ojú má wò mọ́.

Nígbà tí olè kò fetí kọ́, tó ń dà ẹ̀rọ láàmú

Ẹ̀bùrú mìíràn wà tó léwu jù fún irú ibi tí à ń gbé. Kàkà kí olè máa gbọ́ ohun tí chip ń sọ, á mọ̀ọ́mọ̀ dà á rú: á já iná rẹ̀ lulẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíńtín, á tàn án ní ìmọ́lẹ̀ lésà, tàbí kí ó yí bí aago inú rẹ̀ ṣe ń lù padà, kí chip lè ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 1996, Dan Boneh, Richard DeMillo àti Richard Lipton fi hàn pé tí irú ẹ̀rọ RSA kan bá ṣe àṣìṣe kan péré nígbà tó ń buwọ́ lùwé, ìbuwọ́lùwé tó bàjẹ́ náà tó láti tú gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1997, Eli Biham àti Adi Shamir ṣe irú rẹ̀ fún àrokò DES.

Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀ lórí èyí, mítà alásansílẹ̀ gan-an ló sì ti wá. Gúúsù Áfíríkà ni ìlànà STS ti bẹ̀rẹ̀. Ross Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n Cambridge tó bá wọn dá sí iṣẹ́ náà láyé ìgbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríṣi mítà kan wà tó jẹ́ pé bí agbára iná bá lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ńṣe ni mítà á kún fún owó iná dé òkè pátápátá. Àwọn ọmọdé mọ̀, wọ́n sì ń ju ẹ̀wọ̀n irin sórí wáyà iná ńlá kí iná lè rẹ̀wẹ̀sì, kí mítà gbogbo àdúgbò lè kún. Àléébù kékeré nínú chip ni. Kò sí ẹni tó rí i torí wọn kò dán mítà náà wò lábẹ́ iná tó rẹ̀wẹ̀sì. Ìlànà ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ lé jẹ́ ti ìlú tí iná kì í ṣe ségesège.

Ẹni tó bá ń gbé ní Kabba, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú tàbí ní Bùnú mọ ohun tí iná tó rẹ̀wẹ̀sì jẹ́. Ìwé sọ pé fólítì 230 ni iná wa, ṣùgbọ́n gílóòbù tó pọ́n bí ẹyin iná àti fíríìjì tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ń sọ ohun mìíràn. Ohun tí olùwádìí ní Yúróòpù ń fi ẹ̀rọ olówó gọbọi dá sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ojoojúmọ́ ayé ni chip tó wà lára òpó iná wa ń rí i láìsí olè kankan níbẹ̀. Nítorí náà, àbò lọ́wọ́ ìdàrú gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ fún wa, a kò sì lè yá ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àbò, àti bí wọ́n ṣe tó

Àbò tó rọrùn jù ni pé kí iṣẹ́ gba àkókò kan náà, ohun yòówù kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́. Kò gbówó lórí púpọ̀, kò sì sí àwíjàre fún ẹni tí kò ṣe é. Síbẹ̀, àṣìṣe lórí rẹ̀ kò tíì tán: ìṣirò ìpín kan ṣoṣo ló fa àléébù tí wọ́n pè ní KyberSlash nínú sọ́fítíwíà àrokò tuntun Kyber, láìpẹ́ yìí náà ni. Àbò yìí sì ń dí ẹ̀bùrú àkókò nìkan ni. Kò dí ti iná.

Èkejì ni fífi ariwo bò ó mọ́lẹ̀: kí chip máa fa iná lásán, kí ó máa to iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó ń yí padà, kí aago rẹ̀ má lù déédéé. Èyí ń fa olè sẹ́yìn, kò sì dá a dúró. Bí ariwo bá di ìlọ́po méjì, àkọsílẹ̀ tí olè nílò á di ìlọ́po mẹ́rin. Olè tó ní sùúrù á san iye náà. Àwọn kan gbìyànjú ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2004, Kris Tiri àti Ingrid Verbauwhede gbé ètò kan kalẹ̀ tí wáyà kọ̀ọ̀kan fi ní èkejì tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀, kí iye iná tó ń wọlé lè dọ́gba nígbà gbogbo. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ chip di ńlá, wáyà méjì kò sì lè bára wọn dọ́gba délẹ̀délẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe wọ́n tán.

Ẹ̀kẹta ni ìpínyà àṣírí, òun sì ni mo kà sí òpó ilé. Ní Kabba, Obaro, Obadofin àti Obajemu ni mẹ́ta tó wà lókè nínú oyè. Ká ní a pín ọ̀rọ̀ àṣírí ìlú kan sí mẹ́ta, tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹyọ kan tí kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀; ẹni tó bá fetí kọ́ ọ̀kan, tàbí méjì pàápàá, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni chip ṣe ń fi nọ́ńbà àrìnnàkò pín kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, láìjẹ́ kí wọ́n pàdé. Ní ọdún 1999, Suresh Chari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé bí ariwo bá tó, gbogbo ìpín tí a bá fi kún un ń sọ iṣẹ́ olè di ìlọ́po-ìlọ́po. Ní ọdún 2003, Yuval Ishai, Amit Sahai àti David Wagner fi hàn bí a ṣe lè ṣe é fún ìṣirò yòówù. Owó rẹ̀ nìyí: bí ìpín bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ìsọdipúpọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, nọ́ńbà àrìnnàkò tí a nílò á sì pọ̀ sí i bákan náà.

Ìmọ̀ yìí gba ìbáwí kan tó ṣe é lóore. Ní ọdún 2005, Stefan Mangard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú chip gidi, iná kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn ìpín tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ máa ń kan ara wọn fún ìṣẹ́jú bíńtín, àṣírí á sì jò. Ohun tó tọ̀nà lórí ìwé kò tọ̀nà nínú sílíkónì. Ní ọdún 2006, Svetla Nikova, Christian Rechberger àti Vincent Rijmen dá a lóhùn: wọ́n to ìṣirò náà lọ́nà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò fi ní rí gbogbo ìpín láéláé, bó ti wù kí iná pẹ́ dé. Ọ̀nà wọn àti àwọn tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó ń ṣe chip ààbò ń kọ́ lé lórí lónìí.

Ẹ̀kẹrin ni kí a dín àǹfààní olè kù láti ìpilẹ̀. Ẹni tó ń wọn iná nílò àkọsílẹ̀ púpọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ kan. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí padà kíákíá, kò ní rí tó kó. Ní ọdún 2008, Stefan Dziembowski àti Krzysztof Pietrzak fi ìpilẹ̀ ìṣirò lélẹ̀ fún irú àrokò tó ń fara da jíjò. Lórí mítà, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ̀rọ máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹnì kan bá ń tẹ nọ́ńbà tí kò tọ́ léraléra, kí ìdúró náà sì máa gùn sí i. Ìlànà STS ṣe ohun kan tó dára gan-an níbí: mítà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí wọ́n fà yọ láti ara kọ́kọ́rọ́ àgbà àti nọ́ńbà mítà náà. Ẹni tó bá fi òru mẹ́wàá tú mítà ilé rẹ̀ kò rí ju iná ilé ara rẹ̀ lọ. Ibi tí ewu ńlá wà ni ẹ̀rọ tó ń ta token, tó ní kọ́kọ́rọ́ àgbà nínú. Gúúsù Áfíríkà ti rí èyí: àwọn olè gbé ẹ̀rọ ìta-token lọ, wọ́n sì ń fi í ta iná tí owó rẹ̀ kò dé àpò ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ní àwọ̀n tó ń mọ̀ bí wọ́n bá ń gbẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rẹ́ kí ọwọ́ tó kàn án.

Fún ìdàrú, àbò méjì ló wà: kí chip ní ẹ̀yà tó ń mọ̀ bí iná, ìmọ́lẹ̀ tàbí aago bá ṣe ségesège, àti kí ó máa ṣe ìṣirò pàtàkì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fọhùn. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan tí chip bá sọ jáde ti tó láti ba ohun gbogbo jẹ́.

Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Kò sí ẹni tó lè fi ojú rí i bóyá àbò ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn ẹlẹgbẹ́ Kocher láyé ìgbà náà, tí Jaffe àti Jun wà lára wọn, gbé ìdánwò kan jáde tó rọrùn: gba àkọsílẹ̀ iná nígbà tí chip ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, gba òmíràn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àrìnnàkò, kí o fi ìṣirò wé wọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju 4.5 lọ lórí ìwọ̀n náà, nǹkan ń jò. Ó di ìpilẹ̀ ìlànà àgbáyé ISO/IEC 17825 ní ọdún 2016. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń sọ pé nǹkan jò, kò sọ bóyá olè lè lò ó. Bí kò bá sì rí nǹkan, ìyẹn kò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé ẹ̀rí ìpele gíga fi ń béèrè pé kí onímọ̀ gidi gbìyànjú láti fọ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ Infineon sì fi hàn pé ìyẹn pàápàá kò pé.

Ohun tó ń fún mi ní ìrètí ni pé ìdánwò ti dé ọwọ́ ẹni tí kò lówó. Colin O'Flynn láti Kánádà ṣe ChipWhisperer, pátákó kékeré tí ètò rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọn iná chip tàbí kí ó fi dà á rú. Ohun tó jẹ́ ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ní ọdún 1956 ti di iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn àrokò tuntun pàápàá ti ń ronú nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: Ascon, tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà yàn ní oṣù kejì ọdún 2023 fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, ni wọ́n ṣe kí ìpínyà àṣírí lè rọrùn lórí rẹ̀. Àwọn àrokò tí NIST fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2024 láti dènà kọ̀ǹpútà kuántọ́ọ̀mù kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Pípín àṣírí wọn wúwo lórí chip kékeré, ìwádìí lórí rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́.

Ibi tí Nàìjíríà dúró

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: olè iná tó wọ́pọ̀ lónìí kì í wọn ìgbì chip. Ńṣe ló ń fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ mítà kọjá. Gbájú-ẹ̀ káàdì ATM sì ń bẹ ènìyàn lórí fóònù kó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ni. Àwọn kan á ní, nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, kí ni à ń da ara wa láàmú sí? Ìdáhùn mi ni pé mítà àti káàdì kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Mítà tí wọ́n bá so lónìí lè wà lára òpó fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àléébù inú chip kò sì ṣeé fi nọ́ńbà oní-díjítì 20 tún ṣe. Ohun tí a rà láìbéèrè ni a ó máa gbé pọ̀.

Ohun tí à ń rà sì ń pọ̀ sí i. Ètò ìsomítà kárí orílẹ̀-èdè tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 wà níbẹ̀. Báńkì àpapọ̀ CBN àti NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó ń so àwọn báńkì pọ̀, gbé káàdì abẹ́lé AfriGO jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2023. Ní ọdún 2014, àjọ ìdánimọ̀ NIMC gbé káàdì ìdánimọ̀ onichip jáde pẹ̀lú MasterCard. Àjọ NEMSA ló ń dán mítà wò kí wọ́n tó so ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wọ̀nyí ní agbára tí òǹrajà lásán kò ní: wọ́n lè kọ̀ láti rà.

Ìdájọ́ mi lórí gbogbo ohun tí a ti yẹ̀ wò nìyí. Kò sí chip tó lè pa ẹnu mọ́ tán, nítorí náà ẹni tó bá ní tòun kò lè ṣubú láéláé ń tà wá lọ́pọ̀. Èyí tó yẹ ká rà ni èyí tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó pín àṣírí rẹ̀, tó fi ariwo bò ó, tó ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó fọhùn, tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé-iṣẹ́ náà sì ti gbìyànjú láti fọ́ ọ, tí èsì wọn wà níbi tí a lè kà á.

Mo rọ NEMSA pé kí ìdánwò lábẹ́ iná tó rẹ̀wẹ̀sì àti iná tó ń já lójijì di dandan fún gbogbo mítà, kì í ṣe lórí bó ṣe ń ka iná nìkan, lórí chip àrokò inú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo rọ CBN àti NIMC pé kí wọ́n máa béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀bùrú kí wọ́n tó buwọ́ lùwé àdéhùn. Mo rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogi tó bẹ̀rẹ̀ ní Kabba ní ọdún 2023, àti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Lokoja, pé kí wọ́n dá yàrá kékeré sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ohun èlò rẹ̀ kò kọjá agbára wọn, mítà tó ti bàjẹ́ tí wọ́n lè fi kọ́ṣẹ́ sì pọ̀ ní ìlú. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri gbogbo ẹ̀rọ ló ní ibi tó ti là. Iṣẹ́ wa ni ká wá ibẹ̀ rí kí olè tó rí i, ká sì dí i kí a tó sanwó.